Ajá tí Màmá Máa Sìn ní Òkukù

Ìkìrun,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

  Tósìn ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé òtútù Manchester kò tíì máa dà á láàmú?  Ọyẹ́ ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ ní ìdájí, iṣu tuntun sì kún ọjà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n tó mú bírò, nítorí ọ̀rọ̀ tí o bi mí kì í ṣe èyí tí mo lè fi ohùn ìṣẹ́jú méjì dáhùn.

O ní o fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí n bá ọ ra ajá fún Màmá rẹ ní Òkukù, pé láti ìgbà tí Bàbá ti ṣaláìsí, ilé náà ti dá jù fún wọn lálẹ́. Èrò dáadáa ni. Ṣùgbọ́n o tún ní Alsatian ni kí n rà, kí n má lọ mú “ajá lókà tí kò ní ìran” fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, Àbẹ̀kẹ́, mi ò ní í purọ́ fún ọ. Ajá ilé wa, tí kò ní ìran? Kò pẹ́ sí i ni Tósìn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ tó ní, “Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé ìkookò ló bí ajá?” Inú ìbéèrè ọmọ yẹn gan-an ni ìdáhùn ti ìyá rẹ̀ wà. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti àgbàlá mi. O mọ Tanímọ̀la, ajá mi pupa tí àyà rẹ̀ funfun. Ní ìdájí, bí ládàánì bá ti gbé ohùn sókè láti pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn wa, Tanímọ̀la á fi ìdí jókòó, á na ọrùn sókè, á sì máa hu. Kì í ṣe gbígbó o. Ohùn gígùn kan ni, tó ń gòkè tó sì ń rọra sọ̀kalẹ̀. Ìyá Sàkíratù ní ẹ̀gbẹ́ wa ní ajá kì í hu lásán, pé ó ti rí nǹkan tí ojú wa kò rí. Ṣé o rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nígbà tí a wà ní kékeré ní Òkukù? Bí reluwé bá fọn fèrè ní ọ̀nà Ọ̀fà, gbogbo ajá àdúgbò ló máa dáhùn, ìyá mi á sì sọ igi ìdáná lu tiwa kó lè panu mọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Èmi náà bẹ̀rù títí mo fi di olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní bàọ́lọ́jì.

Ohùn ìdílé ni híhu yẹn. Ìkookò tó wà ní ilẹ̀ òtútù ń hu bẹ́ẹ̀ láti fi pe ara wọn jọ. Ajáko inú igbó tiwa náà ń ké lálẹ́. Bí ohùn gígùn bá ti kan Tanímọ̀la létí, nǹkan tó ti wà lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé sí Ìkìrun á sọ fún un pé wọ́n ń pe ẹbí, òun náà á sì jẹ́ ìpè.

Ìwọ ọmọ Òkukù, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé ọ. Ìlú tí wọ́n ti ń fi oríkì mọ ẹni ni wọ́n bí wa sí. Ẹnìkan lè wà ní Òkukù láti ayé bàbá bàbá rẹ̀, kó má tilẹ̀ mọ ọ̀nà Ìkòyí, síbẹ̀ bí ìyàwó ilé bá kí i láàárọ̀, ọmọ Oníkòyí ló máa pè é. Oríkì orílẹ̀ kì í sọ ibi tí èèyàn ń gbé, ibi tó ti ṣẹ̀ wá ló ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó ló mú kí òyìnbó obìnrin nì, Karin Barber, wá jókòó ti àwọn ìyá wa ní Òkukù, tó sì kọ odindi ìwé ńlá lé e lórí, èyí tó jáde ní 1991. Ó dára, ajá náà ní oríkì orílẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà. DNA ni orúkọ rẹ̀. Bàbá àti ìyá ló ń gbé e fún ọmọ, ọmọ á gbé e fún ọmọ tirẹ̀, bó sì ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ ni àyípadà kékeré kékeré ń wọ̀ ọ́, bí ìgbà tí àwọn tó ń kéwì bá ń fò ẹsẹ̀ kan tàbí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn. Ẹ̀dá méjì tí tiwọn bá ṣì jọra gan-an, wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n pínyà. Àwọn tí tiwọn ti jìnnà síra, ọjọ́ ti pẹ́.

Kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń ka DNA, kálukú kàn ń dá àbá tirẹ̀ ni. Charles Darwin rò pé ẹranko igbó tó ju irú kan lọ ni ajá ti wá. Konrad Lorenz ní tirẹ̀ rò pé ajáko ló bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì padà yí ohùn rẹ̀ padà nígbà tó yá. Ọdún 1997 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fojú hàn, nígbà tí wọ́n fi DNA ajá wé ti ẹranko igbó tí wọ́n sì rí i pé ìdí ìkookò ló ti wá. Ní 2014, àwọn kan tún mú ìkookò mẹ́ta, ọ̀kan láti Croatia, ọ̀kan láti Ísírẹ́lì, ọ̀kan láti Ṣáínà, wọ́n fi wé ajá méjì: Basenji, tí ìran rẹ̀ wá láti Kóńgò, àti Dingo ti Ọsirélíà. Wọ́n ń retí pé ajá máa sún mọ́ ọ̀kan nínú ìkookò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ju àwọn yòókù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìkookò sún mọ́ ara wọn, àwọn ajá náà sún mọ́ ara wọn. Nítorí náà, bá mi sọ fún Tósìn pé ìkookò tó wà láyé lónìí kọ́ ló bí ajá. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìkookò àtijọ́ kan tí ìran rẹ̀ ti run ló bí àwọn méjèèjì.

Ìgbà wo? Ní 1914, àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Oberkassel lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Bonn ní Jámánì kan sàréè àtijọ́. Egungun ọkùnrin kan àti ti obìnrin kan ló wà níbẹ̀, àti ti ọmọ ajá. Ó tó nǹkan bí ọdún 14,000 tí wọ́n ti sin wọ́n. Èyí tó mú omi jáde lójú mi ni pé nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ eyín ajá náà wò dáadáa, wọ́n rí i pé àìsàn líle kan ti kọlù ú lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó kú ní bí oṣù méje, àti pé kò lè yè é bí kò bá sí ẹni tó ń fún un lómi, tó ń nu ara rẹ̀, tó ń jẹ́ kó móoru. Ajá tó wà nírú ipò yẹn kò lè ṣọdẹ, kò lè ṣọ́lé. Wọ́n kàn tọ́jú rẹ̀ ni. Ọdún 14,000, Àbẹ̀kẹ́! A ò tíì máa gbin nǹkankan nígbà náà. Kò tíì sí àgbàdo lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò tíì sí ewúrẹ́, àgùntàn tàbí adìẹ nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ajá ló kọ́kọ́ wọlé.

Bí ẹranko igbó ṣe ń di ará ilé, wọ́n ti fi ojú rí i ní Rọ́ṣíà. Láti 1959, Dmitri Belyaev ní Novosibirsk bẹ̀rẹ̀ sí í sin fọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú Bíbélì, àwọn tí ara wọn balẹ̀ jù lọ sí èèyàn nìkan ni wọ́n sì ń jẹ́ kó gùn. Ìwà nìkan ni wọ́n ń ṣà o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìran mélòó kan ti kọjá, etí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wó, ìrù ká, funfun sì yọ lára wọn. Wo àyà Tanímọ̀la. Wo ìrù rẹ̀ tó ká sórí ìdí. Bóyá ìwà tútù ló fa ẹwà yẹn wá.

Ṣùgbọ́n ìkookò wo gan-an là ń sọ? Níbí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí, torí pé orúkọ ló dá gbogbo ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀.

Ìkookò tí àwọn bàbá wa mọ̀ kò bá ti ilẹ̀ òtútù tan. Ẹranko tó ga níwájú tó rẹlẹ̀ lẹ́yìn ni, tó ń fi eyín fọ́ egungun màlúù, tó ń ké lóru bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Òun ni Hausa ń pè ní kura, tí òyìnbó ń pè ní hyena. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n bá ẹranko kan pàdé níbẹ̀ tí kò sí nínú igbó Yorùbá, tó ń pa àgùntàn jẹ. Wọ́n wá fún un ní orúkọ ẹranko ilé wa tó jọ ọ́ jù. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, torí gbogbo ẹni tó ka ìwé Aísáyà mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ irú ẹ̀rù tó yẹ kó ba àgùntàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ẹranko méjì ti ń jẹ́ orúkọ kan, tí a sì rò pé nítorí ìyẹn, wọ́n jẹ́ ẹbí.

Ọdọọdún ni mo máa ń bi àwọn ọmọ ilé ìwé mi ní Ìníṣà pé, ìkookò inú igbó tiwa yìí, ta ló bá tan, ajá ni àbí ológìnní? Gbogbo kíláàsì á dáhùn pọ̀: “Ajá!” Bí mo bá sọ pé ológìnní ni, ariwo á sọ. Àwọn kan á máa wò mí bíi pé mo fẹ́ fi èrú gbowó lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó jẹ́ kí n mọ bí mo ṣe lè fi hàn wọ́n ni bàbá ọdẹ kan ní Ìníṣà, tí oko wọn wà lẹ́bàá odò Ọ̀tìn. Wọ́n ti dàgbà gan-an, ìbọn ti wà lára ògiri láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé àwòrán lọ fún wọn nínú fóònù, mo bi wọ́n léèrè. Wọn ò tilẹ̀ wo ojú ẹranko náà. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ojú ń tanni jẹ. Ẹsẹ̀ ni kí o máa wò.” Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n fi ya ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀. Wọ́n ní ajá ní ìka mẹ́rin tó ń tẹ ilẹ̀, ó sì ní àtàńpàkò kan tó gbé sókè nínú apá iwájú, tí kì í kan ilẹ̀. Ìkookò kò ní in. Mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, ó parí. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo gbé ọwọ́ Tanímọ̀la, mo kà á. Àtàńpàkò náà wà níbẹ̀, èékánná rẹ̀ gùn torí kì í kan ilẹ̀. Ìwọ náà, lọ ka ti Labrador, ajá yín.

Ìka nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́, DNA ló parí rẹ̀. Àwọn ẹranko apẹran jẹ wọ̀nyí ní agboolé ńlá méjì, ó sì ti lé ní 40 mílíọ̀nù ọdún tí wọ́n ti pínyà. Nínú agboolé ológìnní ni kìnnìún wà, ẹkùn wà níbẹ̀, ẹtà wà níbẹ̀, ìkookò wa náà sì wà níbẹ̀. Nínú agboolé kejì ni ajá wà, àti béárì, kódà àti ẹranko inú òkun tí wọ́n ń pè ní seal. Kí ló wá jẹ́ kí ìkookò jọ ajá tó bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ń sáré lé ẹran lórí ilẹ̀ títí yóò fi rẹ ẹran náà, ẹsẹ̀ gígùn, àyà jíjìn àti ẹnu gígùn ló máa dára fún un. Bí ìgbà tí a bá débi ìnáwó, tí a rí ẹni tó wọ aṣọ ẹbí láti orí dé ẹsẹ̀ ni, tí a wá gbọ́ pé ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó ló wá bá ṣe é. Aṣọ ẹbí ló wọ̀, kì í ṣe ẹbí.

Ẹbí gan-an ni ajáko. Tẹ́tí sí orúkọ náà, ajá ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ. Akátá ni àwọn mìíràn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láwọn ìlú mìíràn, ẹranko mìíràn ló ń jẹ́ akátá. Bàbá ọdẹ ní nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, àwọn máa ń pàdé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní etí oko, takọtabo, wọn kì í pọ̀. Ó kéré ju ajá lọ díẹ̀, ìlà kan tó funfun gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, orí ìrù rẹ̀ sì funfun. Eku ló ń jẹ, kòkòrò ló ń jẹ, èso tó bá bọ́ sílẹ̀ náà kò yọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde DNA ajá jáde ní 2005, èyí tí wọ́n kà láti ara abo ajá Boxer kan tó ń jẹ́ Tasha, wọ́n to gbogbo ìdílé ajá bí ẹní to ìdílé ọba, wọ́n sì rí i pé nínú ilé tí ìkookò òyìnbó àti ajá wà, ajáko wa yìí àti ìkejì rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, tó wà ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ yà kúrò lára ẹ̀ka tó kù. Áfíríkà ni àwọn méjèèjì wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ náà fi sọ pé ó ṣeé ṣe kí orírun ilé yẹn wà ní Áfíríkà. Ajáko méjèèjì yìí ti jìnnà sí ajá débi pé láti 2019 ni àwọn onímọ̀ ti ń yọ wọ́n kúrò lábẹ́ orúkọ Canis tí wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lupulella.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ńkọ́? Orúkọ tí Bíbélì fún fọ́ọ̀sì nìyẹn, tí Jésù sì fi pe Hẹ́rọ́dù. Fọ́ọ̀sì kò sí ní sàkáání wa. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni kékeré kan tó dà bí iyanrìn, tó ń gbé ní Sàhẹ́lì lókè lọ́hùn-ún. Ohun tó ń gbé adìẹ ìyá mi ní Òkukù, ẹlòmíràn ni.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ ní 2015 tí inú mi dùn sí gan-an. Ní àríwá Nàìjíríà, ẹranko kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní dila. Ọlọ́gbọ́n inú igbó ni wọ́n fi í ṣe nínú ìtàn wọn, bí àwa ṣe ń sọ ti ìjàpá. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń pè é ní ajáko, pé irú èyí tó wà ní Éṣíà àti Yúróòpù ni. Nígbà tí Klaus-Peter Koepfli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA rẹ̀, wọ́n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ìkookò òyìnbó ló sún mọ́ jù, ó sì tó mílíọ̀nù kan ọdún ó lé tí wọ́n ti pínyà. Ìkookò Áfíríkà ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó wà láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Tàǹsáníà. Nítorí náà, nígbà tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé mi lọ́dún 2010 pé kò sí irú ìkookò inú Bíbélì ní Nàìjíríà, àṣìṣe ni mo kọ́ wọn. Ó wà níbẹ̀ nígbà yẹn, orúkọ ẹlòmíràn ló ń jẹ́. Mo ti tún un ṣe fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn.

Ẹnìkan tún kù nínú ìdílé náà tí ọkàn mi bàjẹ́ fún: ajá igbó, èyí tí ara rẹ̀ ní àwọ̀ oríṣiríṣi bí aṣọ àdìrẹ, tí etí rẹ̀ tóbi, tó rí roboto. Ìka mẹ́rin péré ni òun náà ní níwájú, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ìka nìkan kò tó. Bó bá pa ẹran, ó máa ń pọ̀ ọ́ fún ọmọ àti aláìsàn tí kò lè tẹ̀ lé wọn lọ sóko ọdẹ. Nàìjíríà ní in rí, ó ti wọ́n débi pé a lè sọ pé ó ti tán. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọgbà Niokolo-Koba ní Sẹ̀nẹ̀gà jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí, gbogbo wọn ní Áfíríkà kò sì tó 7,000. Lára ohun tó ń pa wọ́n ni dìgbòlugi àti àìsàn mìíràn tí wọ́n ń kó lára ajá ilé. Ajá mọ ọmọ tirẹ̀ fún lọ́mú, ó mọ ọmọ ọ̀yà kì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn kò mọ ìyẹn. Bí a kò bá gún ajá tiwa ní abẹ́rẹ́, ìbátan rẹ̀ tó wà nígbó ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ajá lókà rẹ.

Ọ̀nà Yúróòpù kọ́ ló gbà wá síbí, àṣẹ́kù ajá òyìnbó kọ́ sì ni. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ka odindi DNA ajá ìbílẹ̀ 19. Àbẹ̀kẹ́, Nàìjíríà ni wọ́n ti rí gbogbo àwọn 19 náà! Bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀, ó tó nǹkan bí ọdún 14,000 tí àwọn baba ńlá wọn ti wọ Áfíríkà. Díẹ̀ ló wá, ìdílé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Lára ohun tí ilẹ̀ wa kọ́ wọn, àbùdá kan wà tí wọ́n ń pè ní ADGRE1. Wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé ó ń gbèjà ara lọ́wọ́ Plasmodium, ìran kòkòrò tó ń fa ibà. Bí ara tiwa ṣe ń wá ọgbọ́n sí ibà láti ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà ń wá a. A jọ jìyà ibà ni.

Iṣẹ́ mìíràn tó jáde ní 2022, tí wọ́n fi egungun ìkookò àtijọ́ 72 ṣe, tún fi nǹkan kún un. Ajá àgbáyé sún mọ́ ìkookò àtijọ́ ti ìlà-oòrùn Éṣíà jù lọ, ṣùgbọ́n ajá Áfíríkà àti ti ẹkùn Ísírẹ́lì ní orísun kejì, láti ọ̀dọ̀ ìkookò ìwọ̀-oòrùn, èyí tó lè tó ìdajì ohun tí wọ́n jogún. O mọ̀ bí wọ́n ṣe ń kì wá ní Òkukù, tí wọ́n á kì ilé bàbá tán kí wọ́n tó bọ́ sí ti ìyá. Ajá tí o ní kò ní ìran, orílẹ̀ méjì ló ní.

Alsatian wá ńkọ́? Ní 1899 ni ajagun Jámánì kan, Max von Stephanitz, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni reluwé dé Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n ja ogun Jálumi níbí ní 1878, tí Ìbàdàn kó ogun wá sí Ìkìrun, kò sí ẹni tó ń pe ajá kankan láyé ní Alsatian, irú Tanímọ̀la ló ń gbó kiri ìlú. Ajá dáadáa ni Alsatian, mi ò kórìíra rẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ṣe é fún ni kì í ṣe ibí. Aládùúgbò wa kan ra ọmọ Alsatian lọ́dún tó kọjá, ní owó tó tó owó ilé ìwé ọmọ méjì. Ẹni tó tà á fún un kò sọ fún un pé ara rẹ̀ kò yá. Oòrùn ń mú un, eégbọn bò ó, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ wọn kí oṣù mẹ́rin tó pé. Àwọn ọmọ ilé náà sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò fẹ́ kí Màmá sunkún mìíràn lọ́dún yìí.

Kí ni Màmá á máa fún un jẹ pàápàá? Ní 2013, wọ́n rí i pé ìkookò ní ẹ̀dà méjì péré nínú àbùdá tó ń jẹ́ kí ara lè lo sítáàṣì. Ajá ní láti mẹ́rin títí dé ọgbọ̀n. Oúnjẹ wa ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ọkà àti iyán tó ṣẹ́ kù lẹ́nu ọmọ. Tanímọ̀la ń jẹ àmàlà àná pẹ̀lú omi ọbẹ̀, irun rẹ̀ ń dán. Màmá kò ní í nílò oúnjẹ inú àpò tí wọ́n ń kó wá láti Èkó.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé Tanímọ̀la lóyún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó bímọ, bí mo ṣe kà á. Bàbá ọdẹ ti fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, wọ́n ní ọmọ márùn-ún ni, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Abo kan nínú wọn ti di ti Màmá. Màá jẹ́ kó mu ọmú ìyá rẹ̀ kó yó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bó bá pé oṣù mẹ́ta, dókítà ẹranko á gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, màá wá gbé e lọ sí Òkukù fúnra mi. Owó tí o fẹ́ fi ra Alsatian, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún abẹ́rẹ́, kí o fi ìyókù tún ẹnu géètì Màmá ṣe, torí ajá kan kò lè ṣọ́ géètì tó ti wó.

Orúkọ ló kù. Mo bi Màmá léèrè nígbà tí mo kọjá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú, wọ́n ní àwọn ti ní orúkọ lọ́kàn, èyí tí àwọn máa fi bá aládùúgbò tó ń jẹ wọ́n ní ilẹ̀ sọ̀rọ̀ láràárọ̀ láìjẹ́ pé àwọn bá a jà. Wọn kò sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni àwọn máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Pè wọ́n lálẹ́ òní.

 Sọ fún Tósìn kó ka ìka Labrador rẹ̀, kó sì ya àwòrán ẹsẹ̀ iwájú náà ránṣẹ́ sí mi, màá fi han kíláàsì mi ní Ìníṣà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àsàkẹ́